Niúùtì Tó Kẹ́yìn ní Inísà

Oṣù mẹ́rin gbáko, mi ò bá Dókítà Fọláfúnmi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ọmọ Òkukù ni, àkọ́bí mi sì dàgbà jù ú lọ. Síbẹ̀, nítorí ipò rẹ̀, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan ló fà á: mò ń nu tábìlì nílé ìwádìí tí mo ti ń ṣe ìmọ́tótó ní Inísà, apá mi fẹ́ kọjá lórí àwo kan tí wọn ò bò. Ló bá lọgun lójú gbogbo èèyàn:

"Ìwọ! Má fọwọ́ kàn án!"

Ìwọ. Èmi Èṣùbíyìí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó bẹ̀ mí lọ́jọ́ kejì, ó ní àyà òun ló já. Mo ní kò burú. Ó burú.

Niúùtì ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ó dà bí alángbá tó ń gbé inú omi. Bí a bá gé apá rẹ̀, òmíràn á hù. Dókítà fẹ́ mọ ohun tó ń mú un hù. Á gé díẹ̀ lára apá náà, á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, á tò ó sínú àwo pẹlẹbẹ pẹ̀lú omi oúnjẹ, á wá máa retí kí sẹ́ẹ̀lì rá jáde lára ẹran ọ̀hún. Méjìlá ni wọ́n kó dé láti òkè òkun. Àrùn pa mọ́kànlá. Apá ẹyọ tó kù ló wà nínú àwo mẹ́fà, òun náà sì kú lọ́jọ́ kẹta.

Dókítà sọ fún gbogbo wa pé, "Bí sẹ́ẹ̀lì inú àwo wọ̀nyí bá kú, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti parí nìyẹn."

Mi ò kọjá ìwé kẹrin, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló gbọ́dọ̀ wà lójú àpótí amóoru tí wọ́n kó àwọn àwo náà sí. Mẹ́tàdínlógójì, ti sẹ́ẹ̀lì èèyàn nìyẹn. Ooru rẹ̀ á pa ti niúùtì.

Ní Fúráídè, Dókítà lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ókukù. Iná lọ, iná dé. Tímótì, igbákejì rẹ̀, tún nọ́ńbà àpótí tẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀, ó sì jáde. Mo wo ojú àpótí. Mẹ́tàdínlógójì.

Mo mú fóònù mi jáde láti pe Dókítà. Mo rántí "ìwọ". Mo dá fóònù padà sápò, mo gun ọ̀kadà lọ sílé mi n'Íkìrun.

Ní Mọ́ńdè, Dókítà fojú lé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá títí. Sẹ́ẹ̀lì ti ká jọ roboto, wọ́n ń léfòó: wọ́n ti kú.

"Bàbá, ẹ wà níbí ní Fúráídè?"

"Mo wà níbí."

"Ẹ rí nọ́ńbà yìí?"

"Mo rí i."

Tímótì ní, "Ah! Bàbá, ṣé wọ́n rán yín lẹ́nu ni?"

"Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ńkọ́, ṣé wọ́n rán an lójú ni?"

Dókítà ò wo Tímótì. "Ẹ rí i, Bàbá, ẹ ò sì pè mí?"

"Ìwọ lo ní kí n má fọwọ́ kàn án."

Kò pariwo. Ó da omi àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nù, ó kó wọn fún mi. "Ẹ bá mi fọ̀ wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, sà."

Mo fọ̀ wọ́n. "Ẹ" ló fi bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Inísà. Mo ń retí kó bú mi. Kò bú mi.