Ilé Láwùmí Ni

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó ń fi ìkòkò lásán lé ìyàwó tó bá a kọ́lé lọ, Ọládipọ̀ Ògúnlẹ́yẹ, ọkọ mi, ni kí ẹ wá wò. Inú kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ló dúró sí lọ́dún 1986, tòun ti súùtù àti táì pupa. "Kó kó ìkòkò rẹ̀, kó kó aṣọ rẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo nilé."

Inú bí mi gan-an. Ilé tó wà ní Agbowó, tí orúkọ rẹ̀ nìkan wà lórí ìwé ilẹ̀ torí pé òun lọkùnrin! Ìsọ̀ aṣọ mi ní Dùgbẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì ti jáde. Nígbà tí àwọn bíríkìlà ń mọ bọ́lọ́kù, èmi ni mo ń pọnmi fún wọn, pẹ̀lú oyún ọmọ wa nínú. Àwọn yàrá ẹ̀yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé, èmi ni mo kan páànù wọn, nígbà tí Ọládipọ̀ ń náwó fún Fọláyọ̀, ọmọge ibi iṣẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ gbé wọlé báyìí.

Èmi Láwùmí ro gbogbo ẹ̀ fún adájọ́. Ó ní ìyàwó tó bá ran ọkọ lọ́wọ́, ọkọ ló ràn lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀rí wo ni mo ní pé ọkọ mi gbà pé ilé náà jẹ́ tèmi pẹ̀lú.

"Ìyá mi wà níbẹ̀," mo ní. "Ẹ̀yìn yàrá mi la sin wọ́n sí."

Bàbá Adéróunmú, àbúrò ìyá mi, dìde. Wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá torí ẹjọ́ yìí.

"Olúwa mi, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, a gbé lọ́rì wá láti gbé òkú wọn relé. Ọkùnrin yìí ló dí wa lọ́nà. Mo sọ fún un pé àwa kì í sin òkú wa sílé àna. Ló bá dìde láàárín àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ tó wá kẹ́dùn, ó ní, 'Bàbá, ilé àna kọ́ lèyí. Ilé Láwùmí ni.' Ọ̀rọ̀ yẹn la gbọ́ tá a fi dá lọ́rì padà."

Òótọ́ ni. Ọládipọ̀ fẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ rí i pé òun sin ìyá ìyàwó òun tìlù tìfọn. Èmi òmùgọ̀ ń sunkún ayọ̀.

Adájọ́ kọjú sí i. "Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Olúwa mi, ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni. Tó bá jẹ́ ti òkú ni, kí wọ́n wá hú u. Màá fún wọn ní ọkọ́."

Mo ti dìde láti lọ gbá a lẹ́nu, kí wọ́n tì mí mọ́lé tí wọ́n bá fẹ́, nígbà tí ìyá rẹ̀, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ láti àárọ̀, dìde sọ̀rọ̀.

"Ọládipọ̀, níbo lo máa sin èmi sí?"

"Màmá, ẹ jókòó."

"N ò jókòó. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ilé Láwùmí lo pè é. Bó o bá lè hú ìyá ìyàwó lónìí, ìyàwó tó ń bọ̀ á ní kó o hú èmi náà lọ́la."

Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni adájọ́ fi ṣe ẹ̀rí, ó pín ilé náà sí méjì. Ó fún Ọládipọ̀ ní iwájú, ó fún mi ní ẹ̀yìn, pẹ̀lú yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti sàréè ìyá mi. Àwọn èèyàn ní kí n dúpẹ́. Ìdajì òógùn mi ni wọ́n fún mi, kí ni mo fẹ́ máa dúpẹ́ sí? N kò dúpẹ́.

Níta, ìyá Ọládipọ̀ di ọwọ́ mi mú. "Láwùmí, ṣé àyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ? N ò fẹ́ sùn sí apá ti ọmọ yìí."

Ìbínú mi tún ru. "Màmá, ọjọ́ tí ọmọ yín da ẹrù mi síta, ẹ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì wà nínú yín. Àfìgbà tó kan sàréè tiyín kẹ́ ẹ tó sọ ọ́."

Wọ́n wolẹ̀.

"Àyè wà," mo ní. "Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ lọ bá ọmọ yín báyìí. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sùn sí fún un, kẹ́ ẹ sì sọ ilé ẹni tó jẹ́."

Ọládipọ̀ ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, Fọláyọ̀ ti jókòó sínú. Màmá wo ibẹ̀, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ń lọ. Mo tẹ̀ lé wọn, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.