Páìpù Ẹnu Sáńdà

Èmi àti Ẹkúndayọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ káfíńtà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Iléṣà. Láti ìgbà òjò èṣí ni ikọ́ ti mú un. Tó bá gbé pákó kan, á jókòó kó tó gbé èkejì.

Phebe ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo, ló gbé ẹ̀rọ kan wá fún un. Ó rí bíi garawa tó ní táyà. Páìpù tó ń fa eruku wà lára rẹ̀.

"Bàbá, dókítà ní eruku pákó ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró yín. Tí ẹ bá tún ń fà á símú, ẹ̀mí yín ni."

"Mo ń mu mílíìkì."

"Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, Bàbá. Kì í dé ibi tí ẹ fi ń mí."

Ẹkúndayọ̀ wò mí. Gbogbo káfíńtà tí mo mọ̀ ló ń mu mílíìkì alágolo lẹ́yìn iṣẹ́. Ọ̀gá wa ló kọ́ wa pé ó ń fọ àyà.

Ẹnu páìpù náà tóbi ju ihò tí sáńdà, ẹ̀rọ tí a fi ń dán ojú pákó, fi ń tu eruku. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo wé e mọ́ ẹnu ihò náà títí páìpù fi há. A tan méjèèjì. Garawa ń gbé eruku mì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú Ẹkúndayọ̀ kedere lẹ́nu iṣẹ́.

"Àṣé o burẹ́wà tó báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ikọ́ gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Àga ìjọ là ń ṣe, fún ìkórè. Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, tiransifọ́mà àdúgbò jó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ní kò lè gbé ẹ̀rọ méjì. Tí a bá tan garawa, sáńdà á kú.

"Jẹ́ ká dúró de iná," ni mo wí.

"Kí ìjọ wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi bí òṣómàáló?"

"Gbé sáńdà wá, kí n dán an."

"Ajíbóyè, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n. Ṣé o fẹ́ gbẹ́ kòtò sídìí àlùfáà ni?"

Ó tú rọ́bà, ó yọ páìpù. Ó fi aṣọ di imú. Ó ní kí n ra mílíìkì agolo méjì dípò ẹyọ kan.

"Ìyẹn á ká a," ni ó wí.

Mo rà á. Igi apá ni. Eruku rẹ̀ pọ́n. Ó dán an títí àga tó kù fi tán. N kò rí i mọ́ láti ibi tí mo dúró sí. Lẹ́yìn náà ó mu agolo méjèèjì.

Lọ́jọ́ ìkórè, ìjọ jókòó sórí àga wa. Ẹkúndayọ̀ wà nílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, Phebe gbé e lọ sílé tirẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo. Kò lè rìn dé balùwẹ̀ mọ́.

Mo lọ kí i. Láti ṣọ́ọ̀bù ni mo ti wọkọ̀. Phebe kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Eruku wà lára aṣọ yín. Ẹ má wọlé."

Mo wo ara mi. Òótọ́ ni. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé ojú fèrèsé. Ẹkúndayọ̀ jókòó lórí ibùsùn, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí.

"Kí ló dé tí o ò wọlé?"

"Atẹ́gùn dára níta."

Ó mí. Ó pẹ́ kó tó rí òmíràn mí.

"Ó dáa," ni ó wí. "Dúró níbẹ̀."

Mo dúró.