Kọ̀ǹpútà Tí Baálé Mi Ò Jẹ́ Kí N Pa

Nínú ilé tèmi, ohun tí a kò bá lò, pípa la máa ń pa á. Bí mo bá rán aṣọ tán, mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá kúrò ní yàrá, mo pa iná. Bí àlejò bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ, mo máa ń wo ara rẹ̀ bóyá òun náà ní bọ́tìnì. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ẹ wá wo bí ara ṣe ta mí tó nígbà tí baálé mi kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ mọ́, à báà lò ó, à báà má lò ó.

Fíríìjì ni baálé mi ń tún ṣe. Bàbá Fíríìjì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé. Ojú fèrèsé pálọ̀ lókè ni èmi ti ń ránṣọ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ náà sì ni tábìlì kọ̀ǹpútà wà. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ náà ń mí hìì-hìì sí mi létí, tó ń fẹ́ ooru sí mi lẹ́sẹ̀. Bí iná ìjọba bá lọ, bátìrì ńlá tí baálé mi gbé sí ṣọ́ọ̀bù ló ń gbé iná fún un.

"Kí ló dé tí a ò lè pa á?" mo bi í.

"Ìyá ilé, o ò mọ ẹ̀rọ." Ó na ìka sókè bí oníwàásù. "Títàn ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Fíríìjì tó bá ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn, kì í pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fi ń jóná. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró, ọmọọmọ ẹni á bá a láyé."

"Kọ̀ǹpútà kì í ṣe fíríìjì."

"Iná kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ."

"Oúnjẹ kan náà ni èmi àti ẹ̀yin náà jọ ń jẹ. Ṣé èmi náà ń hanrun ni?"

Ó ní òun ò bá mi jà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì gbé ìwàásù rẹ̀ lọ bá onígbàjámọ̀ tó wà nítòsí wa. Onígbàjámọ̀ yìí kì í ro ohun tó bá gbọ́ kó tó gbé e mì. Òun náà kò pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́, títí ìyàwó rẹ̀ fi wá bá mi pé kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun ká baálé mi lọ́wọ́ kò.

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń dùn mí. Ọmọ wa obìnrin ni, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Òun ló ra kọ̀ǹpútà náà fún bàbá rẹ̀, òun ló sì ń bá a kó àwòrán wáyà inú fíríìjì oríṣiríṣi sínú rẹ̀. Nígbà tó ríṣẹ́ sí apá kejì ìlú, tó gba yàrá síbẹ̀, bàbá rẹ̀ ò bínú. Ó tilẹ̀ bá a ru bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tí a lọ kí i níbẹ̀ ni nǹkan dàrú. Fíríìjì tuntun la bá nínú yàrá náà, tó ń dán gbinrin, tí ọ̀rá ṣì wà lára ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ Bàbá Fíríìjì, tí fíríìjì kún ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń wọlé, ló lọ ra fíríìjì tuntun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí!

Baálé mi ò mu omi tí ọmọ gbé fún un láti inú rẹ̀. "Wọ́n ní ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀," ó wí, "ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ìwọ wá kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀, o so ó mọ́ ìdí fíríìjì àjèjì." Ọmọ wo ìdí fíríìjì, ó bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Baálé mi ní òun ò ní pè é mọ́, kí ọmọ náà má pe òun. Bí bàbá ṣe lórí kunkun ni ọmọ náà lórí kunkun, ni kálukú bá fàáké kọ́rí.

Èmi ni mò ń pè é láti ilé ìdáná, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń bá àlè sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti ṣe tán, baálé mi á wọlé wá, á máa ṣí ìkòkò wò, á ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ara wọn le?" Tí mo bá ní kó pè é wò fúnra rẹ̀, á yarí. Ilé dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àárò ọmọ ń sọ wá méjèèjì, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo jẹ́wọ́.

Ọjọ́ kan wá dé tí oòrùn mú bí ẹni pé wọ́n rán an sí wa. Mò ń lọ aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà mi kan. Áyọ́ọ̀nù ń gbóná níwájú mi, oòrùn ń gba fèrèsé wọlé, kọ̀ǹpútà ń fẹ́ tirẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀. Òógùn kán láti imú mi sórí aṣọ funfun náà. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, mo sì fa púlọ́ọ̀gì yọ. Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Mo gbọ́ ohùn ẹyẹ lórí òrùlé. Ara mi balẹ̀ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Orin náà ò tíì dé ibi tó dùn tí baálé mi fi sáré gòkè wá, tí obìnrin ẹlẹ́ja tẹ̀lé e. Fíríìsà obìnrin náà ti kú tòun ti ẹja nínú, baálé mi sì fẹ́ wo àwòrán wáyà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ó rí i pé ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé ìbàdí, ṣùgbọ́n kò bá mi jà. Ńṣe ló jókòó, tó káwọ́ lérí.

"Ìyá ilé, o ti pa mí."

"Kọ̀ǹpútà ni mo pa. Ẹ tàn án."

"Kò ní ṣí."

"Ṣé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á jóná ni?"

"Ẹ́ńjìnnì kọ́." Ó wo ẹlẹ́ja, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tó bá ti kú, páásíwọ̀dù ló máa bèèrè. Onígbàjámọ̀ ní gbogbo wọn ló ń bèèrè. Ọmọ yẹn nìkan ló sì mọ̀ ọ́n."

Ẹnu mi ò lè pa dé. Gbogbo ìwàásù yẹn! Ọkùnrin yìí jẹ́ kí ẹ̀rọ máa mí sí mi lẹ́sẹ̀ láti ìgbà òjò wọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó má baà di pé ó pe ọmọ tó bí. Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́.

Mo ki púlọ́ọ̀gì padà, a tàn án. Àwòrán ọmọ wa ló yọ, tó ń rẹ́rìn-ín sí wa, kò sí nǹkan mìíràn lójú ẹ̀. Baálé mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé ọmọ náà ló wọlé. A ránṣẹ́ sí onígbàjámọ̀, ó fi oníbàárà tó fá lórí dé ìdajì sílẹ̀, ó dé pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́. Ó ní ká máa gbìyànjú páásíwọ̀dù. Baálé mi tẹ orúkọ tirẹ̀, ó tẹ tèmi, ó tẹ orúkọ ilé ìwé ọmọ, ó tẹ "fíríìjì". Kò sí ohun tó hàn.

"Páásíwọ̀dù kì í hàn," onígbàjámọ̀ wí. "Àṣírí ni."

"Báwo la ṣe máa wá mọ èyí tó gbà?" ẹlẹ́ja bèèrè.

Onígbàjámọ̀ mú máòsì, ó ń fa ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ àwòrán ọmọ wa. Ni baálé mi bá gbá a lọ́wọ́.

"Kí lo fẹ́ fi ọfà gún ọmọ mi lójú fún?"

Gbogbo wa wò ó. Òun náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bàbá," ẹlẹ́ja ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọmọ tó báyìí, ẹ dákun ẹ pè é. Ẹja mi ti ń yọ́."

"Ìyá ilé, bá mi pè é. Má sọ pé èmi ni o."

"Aṣọ ni mò ń rán, ẹnikẹ́ni ò lè rán mi níṣẹ́ yẹn," mo ní. "Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún yín dà?"

Ó na ọwọ́ náà kó fi hàn mí. Mo gbé fóònù mi sínú rẹ̀. Ó ti ń dún lọ́hùn-ún.

"Mọ́mì mi, ẹ káàsán o!"

"Kì í ṣe mọ́mì ẹ."

Ẹlẹ́ja di ọwọ́ mi mú.

"Bàbá mi?"

Baálé mi wúkọ́. "Kọ̀ǹpútà yìí… kí ni páásíwọ̀dù ẹ̀?"

"Mi ò fi páásíwọ̀dù kankan sí i o. Ojú mi ni kí ẹ tẹ̀, á ṣí."

Baálé mi gba máòsì lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ó rọra fa ọfà náà, ó yẹra fún ojú, ó yẹra fún imú, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ṣí wàà.

"Bàbá, ṣé láti ìgbà yẹn lẹ ò ti pa á?"

"Mi ò pa á."

"Torí kí ẹ má baà pè mí?"

Ó wò wá bóyá a máa bọ́ síta fún un. Kò sẹ́ni tó mira. "Torí pé mi ò mọ ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ," ó wí. Mo kọjú sí ògiri, omi ti ń bọ̀ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ní, "Fíríìjì ẹ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń tutù dáadáa?"

"Ó ń tutù, Bàbá. Àmọ́ ó máa ń pariwo."

Ojú rẹ̀ tàn yanran. "Ariwo báwo? Ṣe é kí n gbọ́."

Ọmọ wa, láàárín ọ́fíìsì, lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wá ń kùn bíi fíríìjì: "Hùn-ùn-ùn, kọ̀ọ́. Hùn-ùn-ùn, kọ̀ọ́."

"Ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ni ò tẹ́jú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Mo ti sùn nínú yàrá yẹn rí, láìsọ fún un. Fíríìjì náà kì í dún pínpín. Mi ò sọ̀rọ̀.

Fíríìsà ẹlẹ́ja tàn kí ẹja tó bàjẹ́. Baálé mi sì ti yí ìwàásù padà báyìí. Ó ní ẹ̀rọ bí èèyàn ló rí, ó gbọ́dọ̀ sinmi, nítorí náà bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òun fúnra rẹ̀ ló ń pa á. Ìyàwó onígbàjámọ̀ ti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí ilẹ̀ bá wá mọ́, á tàn án, á fà sẹ́yìn lórí àga, á wo àwòrán ọmọ rẹ̀ dáadáa, á sì mú fóònù.

"Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yìí tún kọ̀ o. Ibo lo ní kí n tẹ̀?"

"Ojú mi ni, Bàbá. Ẹ tẹ ojú mi."

"Apá ọ̀tún ni, àbí apá òsì?"

Ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi á sì ká aṣọ mi, màá gbé e lọ rán lọ́wọ́ nínú yàrá, kí ariwo ẹ̀rọ mi má baà dí wọn lọ́wọ́.