Ẹ̀yìn Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá

"Àǹtí Fọláwùmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Waliyah, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ló ń pè. Fọláwùmí, tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tiwọn ní Ìgbògbò, fi kóòmù sílẹ̀ sínú irun oníbàárà rẹ̀, ó sì yọjú wọlé. Waliyah gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan sókè. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ni, wọ́n ya àgbò Iléyá sí i lára káàkiri. Níwájú, gbogbo àgbò náà dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Waliyah yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta.

Fọláwùmí bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Àwọn tẹ̀yìn ń forí rìn! Waliyah, kí ni àwọn àgbò yìí fi ṣe ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún aṣọ náà wò. "Háà. Ṣé kì í ṣe ti bàbá ọ̀gá yín nìyí?"

"Tiwọn ni, mà."

"Bàbá tó ń ṣàìsàn l'Ẹ̀pẹ́?" Fọláwùmí fọwọ́ bo ẹnu. "Ó ti wá jọ àgbò tí wọ́n ti dúńbú, tó na ẹsẹ̀ sókè. Ọmọ yìí, o ò lè gbé èyí wọ bàbá arúgbó o."

Ohun tó ti wà lọ́kàn Waliyah láti ìgbà tó ti rí i nìyẹn.

Bàbá Bísíríyù kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ìta láti oṣù márùn-ún tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, tí apá òsì rẹ̀ kò sì gbọ́ràn mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti búra pé òun á jáde lọ́jọ́ Káyókáyó, ọdún tí wọ́n máa ń ṣe l'Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn Iléyá, pé òun á wọ aṣọ tuntun, òun á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wo àwọn èrò bí wọ́n ṣe ń kọjá. Rọ̀kíbátù, ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá Waliyah, ló rí àǹkárá náà ní Kútọnu. Ìwọ̀nba èyí tó tó ṣẹ́ẹ̀tì kan ló kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Kí ó tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ níjẹta, ó fi aṣọ náà lé Waliyah lọ́wọ́. "Rán an bí ẹni pé bàbá tìẹ ni," ló wí.

Bí Waliyah ṣe máa ń gé àǹkárá olódòdó ló ṣe gé e. Ó ká aṣọ náà sí méjì, ó gé iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òdòdó kò lórí, kò nídìí; ibi tó wù kéèyàn kọjú rẹ̀ sí, òdòdó náà ni. Àgbò lórí. Kíká tó ká aṣọ ló dorí àgbò ẹ̀yìn kodò, kò sì rí i títí ó fi rán ẹ̀gbẹ́ àti èjìká tán, tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Jamilah, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì oníbàárà kan. Ọjọ́ náà gan-an ni Rọ̀kíbátù ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Ọdún mẹ́ta ṣòfò, kò rí fírídọ̀mù ṣe. Fírídọ̀mù Waliyah ku oṣù méjì péré.

Fóònù dún. Ọ̀gá ni.

"Waliyah, aṣọ Bàbá ńkọ́?"

"Ó... ó ku bọ́tìnnì, mà."

"Tó o bá ti parí, wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́ kíákíá. Bàbá ò jẹ́ ká sinmi. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè aṣọ bí ọmọdé. Ó dáa ṣá?"

"Ó dáa, mà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Gbé e lọ bẹ́ẹ̀," Fọláwùmí sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ló ń rí ẹ̀yìn ara rẹ̀?"

"Àwọn tó bá wà lẹ́yìn wọn ńkọ́? Bí nǹkan kan bá wá ṣe wọ́n ńkọ́, Àǹtí?"

Fọláwùmí sáré jáde. Oníbàárà rẹ̀ ti ń kígbe pé ṣé òun á fi kóòmù lórí relé ni.

Waliyah mú bíléèdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀yìn náà. Kò mọ ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀. Àjákù àǹkárá tó kù kò tó ṣe àpò. Bó ti ń kánjú, bíléèdì yọ̀, ó sì la aṣọ náà lábẹ́ apá, ó gùn tó ìka kan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ti aṣọ bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀ níta.

Ó pẹ́ kí ó tó tún wo ibi tó ya. Láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, onígun mẹ́rin ni aṣọ náà, bí aṣọ ìrọ̀rí. Kò ní ibi apá, kò ní ibi ọrùn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé yí.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gé e gbọnrangandan láti abẹ́ apá kan dé èkejì. Ó yí ìsàlẹ̀ náà padà. Àwọn àgbò dìde dúró.

Òkè ló wá kù. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò àjákù ọ̀gá rẹ̀. Funfun ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ nù bí ẹni tó fọwọ́ kan ejò, nítorí ó jọ aṣọ tí wọ́n fi ń sin òkú lójú rẹ̀. Ó mú èyí tó pupa rúsúrúsú, ó fi gé èjìká. Ó rán an, àṣé ó rán an sódì, ojú rírán bọ́ síta. Ó tú u. Ó tún un rán, òwú já. Ó tún un rán.

Fọláwùmí tún yọjú. "Ó mà jọ sítáì! Sọ fún wọn pé sítáì ni. Má ya ẹnu sọ nǹkan míì o."

Gbogbo ọ̀nà, láti Ìkòròdú dé orí afárá Ìtòikin, títí tí òórùn ẹja fi sọ fún un pé ó ti dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún pè lábẹ́ ahọ́n: sítáì ni, mà.

Rọ̀kíbátù gba ṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní pálọ̀. Ó wo iwájú. Ó yí ẹ̀yìn.

"Mi ò ní kó o fi aṣọ míì sí i."

"Sítáì ni, mà."

"Sítáì." Rọ̀kíbátù tún un wò. "Ó mà dáa. Mi ò mọ̀ pé o lè ronú dé ibẹ̀."

Waliyah ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èémí mí.

"Ẹ gbé e wá," Bàbá ní láti orí àga rẹ̀. Ó ti rù, ẹyinjú nìkan ló kù lójú rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ náà dé ojú ìsopọ̀, ó dúró.

"Èyí kì í ṣe sítáì. Ogójì ọdún ni mo fi tún àwọ̀n ṣe. Ibi tí nǹkan ti ya, tí wọ́n sì dí i, mo mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn." Ó gbójú sókè. "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí, ọmọ mi?"

Rọ̀kíbátù yíjú sí Waliyah. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ahọ́n Waliyah, ó kàn kọ̀ kò jáde ni. Ó kúnlẹ̀.

"Mo gé e lódì, Bàbá. Àwọn àgbò ẹ̀yìn na ẹsẹ̀ sókè, bí èyí tí wọ́n ti pa. Mo parọ́ fún yín lórí fóònù, Ọ̀gá. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Waliyah! Nǹkan tó o fẹ́ gbé wọ bàbá mi nìyẹn?"

"Má pariwo, Rọ̀kí." Bàbá kò gbé ojú kúrò lára ọmọ tó kúnlẹ̀. "Ẹ̀rù bà ọ́ pé màá kú?"

Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, ẹnikẹ́ni kò tíì pe ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó ń ba èmi náà." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé ebi ń pa òun. "Oṣù márùn-ún rèé, gbogbo wọn ní ara mi ti ń yá, wọ́n ní mo ti ń sanra. Ìwọ nìkan lo bá mi bẹ̀rù."

Rọ̀kíbátù kọjú sí fèrèsé, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Nígbà tó padà wá, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ki apá òsì bàbá rẹ̀ bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà apá ọ̀tún, ó sì ń de bọ́tìnnì láti ìsàlẹ̀.

"Oṣù méjì tó kù kó o ṣe fírídọ̀mù ti di mẹ́rin," ó sọ láìwo Waliyah. "Láti ọjọ́ Ajé, èmi àti ìwọ la ó jọ máa gé aṣọ tó lórí, títí wàá fi mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé."

"Ta ló máa gbé mi dìde báyìí?" Bàbá bèèrè.

"Ọ̀la ni Káyókáyó, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò yá bíi tiyín. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Rọ̀kíbátù ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá òsì rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo Waliyah tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí lò ń wò? Di apá kejì mú."