Irun Tí Kò Fẹ́ Dùbúlẹ̀

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé sórí fóònù Jenalyn. Ilé ìtura tuntun tí wọ́n kọ́ sétí òkun, ní ìsàlẹ̀ òkè wọn, ló ti wá. Wọ́n ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, fún iṣẹ́ àwọn tó máa ń dúró níwájú kí àlejò káàbọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Jenalyn, kò tíì pẹ́ tó jáde ilé ẹ̀kọ́, kò sì sẹ́ni tó pè é sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní àkàtúnkà, lẹ́yìn náà ó sáré gba àárín àwọn igi máńgòrò lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń sá ewé àti egbò igi tó máa ń lọ tà nílùú Iloilo, lódìkejì omi.

"Nanay! Wọ́n pè mí!"

Ìyá rẹ̀ nu ọwọ́ sára aṣọ. "Àwọn wo?"

"Ilé ìtura ìsàlẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí n wá ṣe íntáfíù lọ́jọ́bọ̀."

Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíì ló dúró níwájú òun. Ọmọ ẹ̀yà Ati ni wọ́n, bíi gbogbo ará òkè náà: èèyàn dúdú, tí wọn kò ga púpọ̀, tí irun orí wọn ká kókó. Ará ìlú tó bá rí Ati lójú títì, alágbe ló máa ń pè é. Kò tíì sí ọmọ òkè wọn kankan tó jókòó sẹ́nu iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ síni lára.

"Ọlọ́run ṣeun," ni ìyá náà sọ níkẹyìn. "Pe Tiya Merly. Òun ló mọ ìṣe àwọn ará ìlú."

Tiya Merly dé lọ́jọ́ kejì tòun ti báàgì ńlá. Àbúrò ìyá Jenalyn ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn olówó ní Iloilo. Irun tirẹ̀ nà tààrà dé èjìká, ó ń dán, ojú rẹ̀ sì pọ́n ju ọrùn rẹ̀ lọ. Kò tíì mu omi tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ọparun: bíláòsì funfun kan tí ọmọ ọ̀gá rẹ̀ ti wọ̀ tì, síkẹ́ẹ̀tì dúdú, bàtà onígìgísẹ̀, ọṣẹ ìbóra, àti ike kíríìmù tí wọ́n fi ń na irun.

Jenalyn gbé ike náà. "Tiya, kí lèyí?"

"Ẹ̀mí rẹ ni. Bí kò bá sí ìyẹn, má wulẹ̀ lọ."

"Wọn ò sọ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ pé kí n na irun."

"Ta ló máa ń sọ irú ẹ̀? Wọ́n ní ẹni tí ìrísí rẹ̀ fani mọ́ra làwọn ń wá. Ṣé irun tó dà bí ìtẹ́ ẹyẹ yìí lo rò pé wọ́n ń sọ?"

"Ẹyẹ kankan ò tíì yé sí i."

"Máa ṣàwàdà. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, wàá rí i."

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan irun, Tiya Merly ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà wò. Ó fa àga oníke kan sábẹ́ igi, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó yọ ètè síta bí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀. Ìyá Jenalyn ń ṣa egbò lọ nítòsí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú.

"Wọlé," ni Tiya fi imú sọ.

Jenalyn yọ láti ẹ̀yìn igi. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Má tẹjú mọ́ mi bẹ́ẹ̀! Àyà mi ni kó o máa wò. Àwọn olówó kì í fẹ́ kéèyàn wo àwọn lójú."

"Bí mo bá ń wo àyà yín, ṣé ẹ ò ní rò pé ẹ̀gbà ọrùn yín ni mo fẹ́ já?"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Tiya Merly kò rẹ́rìn-ín. "Níbo lo ti wá?"

"Abúlé àwọn Ati, lórí òkè."

"Rárá! Rárá o! Ìlú Buenavista ni kó o sọ."

"Ibẹ̀ kọ́ ni mo ti wá, Tiya."

"Ṣé abẹ́ Buenavista kọ́ ni òkè yìí wà? O ò purọ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá bi ọ́ níṣẹ́ tí ìyá rẹ ń ṣe, oníṣòwò ni kó o pè é. Má dárúkọ ewé, má dárúkọ egbò, má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ati kankan já bọ́ lẹ́nu rẹ."

Ọwọ́ ìyá Jenalyn dúró lórí egbò. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Tiya, ẹni tí ẹ̀ ń sọ ń gbọ́ yín o," ni Jenalyn wí.

"Ó mọ̀ pé n ò bú òun. Manang, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo bú yín?"

"Máa bá tìẹ lọ," ni ìyá Jenalyn dáhùn.

Jenalyn yíjú sí Tiya. "Tí mo bá fi gbogbo ìyẹn pamọ́ tí wọ́n wá gbà mí, ta ni wọ́n gbà? Ọmọ Buenavista kan tí kò níyàá?"

Tiya Merly mí kanlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀, ohùn imú náà sì lọ. "Jókòó. Nígbà tí mo wà bíi tìẹ yìí, mo lọ wáṣẹ́ nílé ìtajà ńlá kan ní Iloilo. Mo fọ aṣọ mi, mo lọ̀ ọ́, mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá fà mí yọ níbẹ̀. Ó ní alágbe kì í gba iwájú wọlé. Kí n tó lanu, ó ti ki owó ẹyọ kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n padà wá lásìkò Kérésìmesì. Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín, Jenalyn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo na irun mi. N ò jẹ́ kó ká mọ́ títí dòní."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Kí ni kí n sọ? Ṣé nǹkan fáàrí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jenalyn lára. Kì í ṣe nítorí ilé ìtura ló ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó sì tẹrí ba. Nítorí ìyá kékeré tí wọ́n fi owó ẹyọ lé dànù yẹn ni.

"Ó dáa. Ẹ fi pa á."

Tiya Merly ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Kíríìmù náà ń rùn bí ẹyin tó bà jẹ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lórí bí ata.

"Ó ń jó mi, Tiya."

"Fara dà á. Bó ṣe ń jó ọ yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe."

Jenalyn gbé dígí kékeré síwájú ojú. Irun iwájú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orí pẹ́pẹ́, bí ewé tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Ó wá ojú ara rẹ̀ títí, kò rí i. Ojú Tiya Merly ló rí lẹ́yìn òun nínú dígí, ó ń yọ̀.

"Wò ó! O ti ń dèèyàn."

"Kí ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

Jenalyn dìde fùú, ó lọ síbi àgbá omi, ó ki orí bọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́, Tiya Merly ń lọgun lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, irun apá òsì ṣì dúró ṣinṣin, tapá ọ̀tún dùbúlẹ̀ wọ́lọ́, òmíràn sì ń já tẹ̀ lé ìka rẹ̀.

Tiya Merly káwọ́ lérí. "O ti ba orí ara rẹ jẹ́! Padà wá jókòó kí n parí apá kejì!"

"N ò jókòó."

"Ṣé bó o ṣe fẹ́ lọ nìyẹn? Bí ẹni tó gbé orí èèyàn méjì sọ́rùn?"

Jenalyn yíjú sí ìyá rẹ̀. "Nanay, ẹ bá mi mú àlùmọ́gàjí."

Ìyá náà dìde. Ó wọlé, ó sì mú un jáde. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Èyí tó dùbúlẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gé."

Ó gé e mọ́lẹ̀ títí tó fi ku kìkì èyí tó wà lára awọ orí, dúdú minimini, tó ká wínníwínní. Bó ti ń gé e, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí ọmọ rẹ̀ létí. "Tí wọ́n bá bi ọ́ níṣẹ́ mi, sọ ọ́ bó ṣe wà."

Tiya Merly kò dúró jẹun. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Obìnrin tó fárí! Wọ́n á ní àìsàn ló ṣe é. Tí wọ́n bá lé e padà, kẹ́ ẹ má pè mí o." Síbẹ̀, kò kó aṣọ náà lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Jenalyn wọ bíláòsì náà. Ó fún un lábíyá. Ó ti bàtà onígìgísẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ bàtà tó wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti na ọwọ́ kó tó débẹ̀. "A ò ra ewé lónìí. Tó o bá fẹ́ rí àwọn alásè, gba ẹ̀yìnkùlé."

"Ẹ káàárọ̀, sà. N ò ta ewé. Íntáfíù ni mo wá ṣe." Ó na fóònù sí i.

Ọkùnrin náà wo fóònù, ó wo orí rẹ̀, ó tún wo fóònù. "Ìwọ?"

"Èmi ni. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Àbí kí n kà á fún yín?"

Ó ṣí géètì. Nínú ilé, àwọn ọmọbìnrin kan ti jókòó, irun wọn gùn, àtíkè wọn pé. Méjì ń fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀kan sún, ó fún un láyè.

Obìnrin tó ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ni wọ́n ń pè ní Màámù Villaruz. Ọlọ́yàyà ni, òórùn dídùn sì kún yàrá rẹ̀. Jenalyn wò ó lójú kòrókòró.

"Irun rẹ ńkọ́, ọmọ mi?"

"Ó wà lórí mi, mà. Mo gé e ni."

"Ṣé kò sí àìsàn?"

"Ara mi dá ṣáṣá, mà."

"Níbo lo ti wá?"

"Abúlé Ati tó wà lórí òkè. Òrùlé wa nìyẹn, ẹ ń wò ó láti fèrèsé yín."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Iṣẹ́ wo ni ìyá rẹ ń ṣe?"

"Ó ń ta ewé àti egbò igi létí títì ní Iloilo. Èmi náà máa ń bá a tà á."

Màámù Villaruz bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mo fẹ́ràn rẹ, n ò tàn ọ́. Àmọ́ ojú tí àlejò máa kọ́kọ́ rí, ṣó o mọ̀... Yóò yé ọ. Àyè wà níbi ìfọṣọ, lẹ́yìn lọ́hùn-ún. O lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Iṣẹ́ niṣẹ́, Jenalyn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó ní "ẹ ṣeun." Àmọ́ ó tún gbójú sókè wò ó.

"Mà, irun mi lẹ bi mí, ilé wa lẹ bi mí, ìyá mi lẹ bi mí. Ẹ ò tíì bi mí ní nǹkan kan nípa iṣẹ́ tí ẹ pè mí fún."

Ojú obìnrin náà yí padà. "Ó dáa. Àlejò kan dé, yàrá rẹ̀ ò tíì ṣe tán, ó ń bínú. Kí lo máa ṣe?"

"Màá tọrọ gáfárà, màá wá ibi tó máa jókòó sí fún un, màá gbé omi tútù fún un. Màá sì sọ àsìkò tí yàrá náà máa ṣe tán gan-an, n ò ní máa dá a dúró pẹ̀lú 'ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀.'"

"Ìdáhùn rẹ dára." Ó wo ibòmíràn. "Síbẹ̀, ibi ìfọṣọ náà ni."

"Ó yé mi wàyí, mà." Jenalyn dìde. "Aṣọ fífọ̀ ò burú, mo ń fọ̀ ọ́ nílé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ fẹ́ gbé mi pa mọ́, n ò ṣe. Ẹ ṣeun."

Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà jáde, láàárín àwọn onírun gígùn. Kò sunkún títí tó fi gun òkè dé ìdajì. Ibẹ̀ ló ti jókòó sórí òkúta, tó ké dáadáa, tó tún rántí ojú ẹ̀ṣọ́ náà nígbà tó ní òun á kà á fún un, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé.

"Wọ́n gbà ọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́ fi mí sí. Mo ní n ò ṣe."

Ìyá rẹ̀ bu ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ sílẹ̀ fún un. "Jẹun," ló wí, ó sì jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán.

Tiya Merly gbọ́, ó sì wá lọ́jọ́ Ìsinmi. "Wọ́n fún ọ níṣẹ́, o kọ̀ ọ́! Irin ni wọ́n fi rọ orí rẹ ni?" Jenalyn jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tẹ́rùn. Kò jiyàn, kò sì tọrọ gáfárà.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kó tó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ sí Iloilo. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó dá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kankan wò. Ó tú abíyá bíláòsì náà, ó fi aṣọ lé e kó lè mí dáadáa, ó lọ̀ ọ́, ó sì lọ. Ọ̀gá ibẹ̀, Manong Teroy, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ikùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀, ń ki máńgòrò àìpọ́n bọ ata edé, ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Ó béèrè bóyá ó mọ ìṣirò. Jenalyn ní òun mọ̀ ọ́n.

"Ṣó o lè pariwo?"

"Ẹ̀n?"

"Ariwo! Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn."

Jenalyn yíjú sí èbúté, ó fa afẹ́fẹ́ sínú. "Ilo-ilo! Iloilo ń lọ o! Ó ti ń gbéra o!"

Àwọn èrò tó ń jẹun lọ́nà jíjìn kó ẹrù wọn, wọ́n sáré bọ̀. Ọkọ̀ kankan kò sì ń gbéra. Manong Teroy rẹ́rìn-ín débi pé máńgòrò há a lọ́fun, wọ́n ní láti lu ẹ̀yìn rẹ̀.

"Wá lọ́la," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Abúlé wo lo ti wá?"

"Ti Ati, lókè."

"Òkè yẹn jìnnà o. Tètè máa jí."

Báyìí, irun Jenalyn ti hù padà, ó kún, ó dúró yí orí rẹ̀ ká. Ìyá rẹ̀ máa ń to ìlà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ egbò rẹ̀, Jenalyn á sì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì bí gbogbo èrò. Tiya Merly náà máa ń kọjá tó bá ń padà síbi iṣẹ́, kò sì tíì gbà pé Jenalyn ṣe dáadáa. Á fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹnu fèrèsé, á máa nu òógùn ojú.

"Afẹ́fẹ́ tútù ì bá máa fẹ́ sí ọ lára báyìí. Mo kàn ń sọ ni o."

"Ẹ ti sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tiya."

"Màá tún sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ó dáa. Tíkẹ́ẹ̀tì yín rèé. Ẹ sún síwájú, èrò wà lẹ́yìn yín."