Àpò Tí Ó Fúyẹ́ Jù Ni Yóò Gbé Okùn

Ní ilé bàbá ọkọ mi ní Les Haudères, abúlé kan ní ẹsẹ̀ òkè oníyìnyín, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tí ó fi í lélẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò orí òkè, olúkúlùkù yóò gbé àpò ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí ilé ìdáná, a óò sì fi kọ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn wàràkàṣì. Ẹni tí àpò rẹ̀ bá fúyẹ́ jù ni yóò fi okùn tí gbogbo wa ń so mọ́ra lórí yìnyín kún ẹrù rẹ̀. N kò sọ pé òfin náà kò ní ìdí. Nígbà tí wọ́n ṣe é, irú aṣọ onírun àgùntàn kan náà ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀, irú síkì onígi kan náà, pátákó gígùn tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí òjò dídì, ni wọ́n sì ń lò. Àpò tí ó bá fúyẹ́ nígbà náà, àpò ọ̀lẹ ni, tí ó ti dọ́gbọ́n di ẹrù tirẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Òfin náà kò mọ̀ pé ẹnì kan lè fi odindi ọdún kan wá ohun èlò fífúyẹ́ nítorí pé agbára rẹ̀ ti dínkù.

Èmi ni ẹni náà. Zinal, ní òdìkejì òkè, ni wọ́n ti bí mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ Aurèle, ní gbogbo ìgbà ìrúwé ni èmi àti àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń fi síkì gun òkè láti Les Haudères, tí a ó la pápá yìnyín kọjá, tí a ó sì yọ̀ sísàlẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà màmá mi. Lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà gé apá kan nínú ẹ̀dọ̀fóró mi. Láti ìgbà náà, mọ́tò ni mo ń wà gba ojú títì yí òkè ká, tí aṣọ ìpààrọ̀ àwọn tí ó rìn sì kún ẹ̀yìn mọ́tò. Awakọ̀-ẹrù ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí. N kò tíì rí ẹni tí ó gba orúkọ náà tí ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sọ pé ẹsẹ̀ mi ni n óò fi lọ lọ́dún yìí. Ọkọ mi kò bá mi jà. Ohun tí ó sọ ni pé bí n kò bá lè dé ọ̀hún lọ́tẹ̀ yìí, kí a má ṣe tún jíròrò rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ẹsẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó wúwo ní ẹsẹ̀ a máa tán ènìyàn lókun ju ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn lọ. Mo pààrọ̀ síkì, mo pààrọ̀ bàtà, mo sì wá irin eléyín tí a ń dè mọ́ bàtà láti fi rìn lórí yìnyín, irú èyí tí ọmọdé lè fi ìka kan gbé. Mo ra àpò ẹ̀yìn tí kò ní àpò kékeré kankan lára, mo sì gé gbogbo okùn ara rẹ̀ tí ó gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun méjì péré ni n kò fọwọ́ kàn: ẹ̀wù oníyẹ̀ẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tí ó nípọn, àti ìbọ̀wọ́ ńlá. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò tó kò lè sáré láti mú ara rẹ̀ gbóná.

Norbert, àbúrò ọkọ mi, rí àwọn nǹkan wọ̀nyí lórí tábìlì mi, kò sì pẹ́ tí òun àti Aurèle fi bẹ̀rẹ̀ sí ra tiwọn. Ọkùnrin méjì tí ara wọn le bí màlúù, tí wọn kò nílò ohun fífúyẹ́ kankan. Aṣọ ni àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ra ẹ̀wù tí ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n sì fi àyè tí ó ṣẹ́ kù nínú àpò kó ohun tí ó wù wọ́n.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ wíwọn dé, Norbert ni ó kọ́kọ́ gbé àpò rẹ̀ kọ́.

"Wò ó, ìyàwó wa," ni ó wí, "mo ti gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi kúrò."

"Ìgò wáìnì tó wà níbẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé o gé ọrùn tiẹ̀ náà?"

"Wáìnì kì í ṣe ẹrù. Màmá ẹ ni mo rà á fún."

Aurèle gbé tirẹ̀ kọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán tí ó tóbi bí orí ewúrẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé tèmi kọ́. Ọwọ́ òṣùwọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan.

Théodule, bàbá ọkọ mi, kì í wọn tirẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń ṣíwájú. Iṣẹ́ afinimọ̀nà lórí òkè ni ó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbé okùn náà sílẹ̀ níwájú mi.

"Ludivine ni."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Torí kí n lè gòkè ni mo ṣe mú kí àpò mi fúyẹ́. Kì í ṣe torí kí n lè rí àyè fi okùn sí."

"Mo gbọ́. Àmọ́ òṣùwọ̀n ò mọ ẹ̀dọ̀fóró."

"Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Tí mo bá yọ ti ẹnì kan sílẹ̀ lónìí, lọ́la Norbert á ní eyín ń dun òun."

"Ó ń dùn mí lóòótọ́," ni Norbert wí.

Aurèle kò gbé ojú sókè níbi tí ó ti ń nu ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀. "Tó bá wúwo jù fún ẹ, mọ́tò wà níta."

"Kí ìwọ lọ wà á."

Mo ti okùn náà bọ inú àpò. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún kan yọ kúrò ní ẹ̀yìn ara mi, wọ́n dá a padà síbẹ̀ kí ọbẹ̀ tó hó lórí iná.

Ìdájí ni a gbéra. A lẹ awọ mọ́ abẹ́ síkì kí ó má baà máa yọ̀ padà sẹ́yìn, a sì kọjú sí òkè. Norbert àti Aurèle fò síwájú bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ọgbà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pòórá lẹ́yìn òkìtì òkúta. Bàbá ọkọ mi wà láàárín, kò dúró dè mí, kò sì fi mí sílẹ̀ pátápátá. Síkì mi kò wúwo rárá. Bàtà mi kò wúwo. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ń lọ. Èjìká mi ni ó ń fà mí sẹ́yìn. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yí ni mo ń ro ó láti ju okùn náà sí abẹ́ òkúta kan kí n sì máa bá tèmi lọ. N kò jù ú. Inú ń bí mi débi pé n kò rántí láti ṣàárẹ̀.

Kò sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa tí í gun pápá yìnyín láìso mọ́ okùn, nítorí àwọn ihò jíjìn inú yìnyín tí òjò dídì bò lójú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yára dé etí rẹ̀, dídúró ni yóò dúró. Ibẹ̀ kò sì ní ààbò kankan; afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí mo yọ sí wọn, Norbert ń fi ọwọ́ gbá itan ara rẹ̀, ẹ̀wù èèpo àlùbọ́sà náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Aurèle ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá.

"Níbo lo wà láti àárọ̀?" ni Norbert bi mí. Ètè rẹ̀ kò pàdé dáadáa.

"Mo wà lábẹ́ okùn."

"A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín níbí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sáré? Ṣebí ẹ mọ ẹni tó gbé ohun tẹ́ ẹ máa dúró dè."

Mo yọ ẹ̀wù oníyẹ̀ẹ́ mi jáde, mo sì wọ̀ ọ́. Norbert wò ó bí ajá ti í wo ẹran.

"Ṣé inú àpò tó fúyẹ́ jù yẹn nìyẹn wà?"

"Ibẹ̀ ló wà. Ibi tí wáìnì wà nínú tìẹ."

Théodule fa ọwọ́ Aurèle jáde, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà, tí ó ti rin. Ìka rẹ̀ funfun bí àbẹ́là. Ó tẹ̀ ẹ́, ó bi í bóyá ó ń dùn ún. Aurèle ní kò dun òun, èyí tí ó burú ju kí ó dùn ún lọ.

"Ọwọ́ yìí ò ní kọjá," ni Bàbá wí. "Tá a bá sì dúró kó gbóná, oòrùn á ti mú kí òjò dídì òdìkejì rọ̀ ká tó débẹ̀, á sì ya lé wa lórí."

"Ó dáa," ni ọkọ mi wí. "Gbogbo wa la máa padà."

Gbogbo wa. Mo wo pápá yìnyín náà, mo wo ọrùn òkè tí ó wà lókè rẹ̀, tí Zinal wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti dé ibi tí wọ́n sọ pé n kò ní lè dé, wọ́n sì fẹ́ kí n padà nítorí àìsàn tí kì í ṣe tèmi.

"Mi ò padà."

"Ludivine, ṣé o gbọ́ bó o ṣe ń mí?"

"Mo ń mí. Ọwọ́ ni ìwọ ò ní."

Kò sí ẹni tí ó lè dá kọjá. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, bàbá ọkọ mi ni a sì kọjú sí. Ó fọwọ́ kan ìbọ̀wọ́ mi, ó fún ẹ̀wù mi wò, ó bẹ̀rẹ̀ ó sì fi ìka méjì gbé ẹ̀yìn síkì mi kúrò nílẹ̀, bí ó ti máa ń yẹ màlúù wò ní ọjà.

"Ẹsẹ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ni, Bàbá."

Ó kùn nínú ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ wa sọ̀kalẹ̀. Ẹ wa mọ́tò wá bá wa ní Zinal, kẹ́ ẹ sì kó aṣọ wa dání."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Norbert fa ìgò wáìnì jáde, ó ní kí n bá òun gbé e lọ fún màmá mi. Mo ní kí ó gbé e sínú mọ́tò.

Nígbà tí a so ara wa tán, okùn tí ó ṣẹ́ kù pọ̀ ju èyí tí a lò lọ. Bàbá na ọwọ́ sí i.

"Gbé e wá."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e lé mi lánàá. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ìbínú náà wúwo o, Ludivine."

"Ẹ ò tíì wọn ìyẹn."

Ó ṣíwájú, mo tẹ̀lé e. Ó rìn jẹ́jẹ́ ju bí mo ti rí i rìn rí, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ní ọrùn òkè, a bọ́ awọ kúrò lábẹ́ síkì, a sì yọ̀ sísàlẹ̀ kí oòrùn tó mú ojú ọ̀nà rọ̀. Mo ṣubú nígbà kan. Okùn náà ni ó gbé mi ṣubú.

Màmá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún díẹ̀, ó sì gbá àpò mi mú láti bá mi gbé e wọlé. Ó gbé e, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ludivine, ṣebí o sọ fún mi lórí fóònù pé nǹkan fífúyẹ́ lo rà?"

Mo wo bàbá ọkọ mi. Ó ti tẹ̀ ba, ó ń tú ìdè bàtà rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an.