Ẹ Wá Mu Tíì Lọ́jọ́ Kan

Ẹnu Enid Sugden ló kó bá a, òun fúnra rẹ̀ ò jiyàn. Arúgbó ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, kí ló ń dúró kí ènìyàn sí ní itẹ́ òkú?

Ó ń fa koríko lórí sàréè ọkọ rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí Enid ò lè mú ìtọ̀ náà mọ́ra mọ́, ó sọ ohun tí gbogbo ará abúlé wọn ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń já ara wọn sílẹ̀:

"Ẹ gbọ́dọ̀ wá mu tíì nílé wa lọ́jọ́ kan o!"

Ta ni ò mọ̀ pé ó dàbọ̀ ni wọ́n ń wí? Ogójì ọdún lòun àti ìyàwó alápatà ti ń sọ ọ́ fún ara wọn, kò sẹ́ni tó tíì fojú kan ìkòkò tíì ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí béèrè pé, "Ọjọ́ wo?"

Ìtìjú mú Enid. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin," ló wí, ló bá sáré wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ.

Nígbà tó ròyìn fún Maureen ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyẹn fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé omi ń kán lára kóòtù ẹ̀?"

"Ó ń kán. Òjò ò sì rọ̀."

"Enid, orí ẹ ò pé! Òun ló wá mu tíì lọ́dọ̀ ìyàwó àlùfáà nígbà tí ìyá mi wà lọ́mọdé. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí ìyẹn náà wá mu tíì nílé òun. Obìnrin yẹn ní, 'Inú mi á dùn.' Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n sin ín."

"Yéè! Kí ni kí n ṣe?"

"Fún un ní tíì ẹ̀. Àmọ́ tó bá ní kó o wá, má jẹ́ hòo."

"Kí n kàn máa wò bí aláìlẹ́kọ̀ọ́?"

"Kúkú gbé ẹ̀kọ́ ilé ẹ wọnú pósí, ìyá oníwà pẹ̀lẹ́!"

Lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́rin géérégé, ilẹ̀kùn dún. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga ọkọ Enid, omi ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì, tó, tó, tó. Tíì tí wọ́n bù fún un ń rú èéfín. Kó tó gbé e kan ẹnu, yìnyín ti bo ojú tíì náà. Ó yin aṣọ fèrèsé. Ó ní kí Enid má ṣèyọnu, orúnkún tó ń yọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ti san.

Lẹ́yìn náà ó dìde.

"Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ wá mu tíì nílé wa."

Ẹ̀kọ́ ilé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin bá ta kìjí nínú Enid. "Inú mi á dùn" ti gba ọ̀fun bọ̀, ó ti kan ahọ́n. Kò rí nǹkan mìíràn ṣe, ó gbá ègé kéèkì kan mú nínú àwo iwájú rẹ̀, ó rọ́ ọ sẹ́nu, ó tún rọ́ ìkejì lé e, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú bíi ti ọ̀bọ tó jí ẹ̀pà. Èérún ń jábọ́ sí i láyà. Bí kì í bá ṣe ti ẹ̀rù, ẹ̀rín ara rẹ̀ ì bá pa á.

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó rọra padà jókòó, ó ká ọwọ́ lé orúnkún.

"Ẹ fara balẹ̀ jẹ ẹ́ tán, ìyá," ó ní. "Mo lè dúró."